Mo pa tíífíì, orin náà dákẹ́: ṣé họ́ọ̀mù tíátà mi ti bà jẹ́ ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mò ń gbé. Ọmọ mi ra họ́ọ̀mù tíátà fún mi, èyí tó ní risífà ńlá (ẹ̀rọ tó ń gba ohùn, tó ń pín in fún spíkà), spíkà márùn-ún àti wúfà, wáyà HDMI kan ṣoṣo ló fi so ó mọ́ tíífíì kó tó padà sí Èkó. YouTube inú tíífíì ni mo fi ń gbọ́ orin. Ṣùgbọ́n tí mo bá wà ní kíṣìnì tí mò ń gúnyán, kò sẹ́ni tó ń wo tíífíì yẹn, ó kàn ń fa bátìrì ínfátà mi lásán ni. Bí mo bá sì pa á báyìí, orin á dákẹ́, risífà náà á kú tẹ̀lé e. Ṣé ó ti bà jẹ́ ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ilé mà. Risífà yín ò bà jẹ́ rárá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tú ìdí ẹ̀ o. Ó tó ilé mẹ́ta tí wọ́n ti pè mí sí ní Adó lórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà, nílé kan wọ́n ti sanwó fún ẹni tó ní òun máa pààrọ̀ nǹkan nínú ẹ̀, ó dùn mí gan-an nítorí kò sí nǹkan tó ṣe é.

Bó ṣe rí nìyí. Orin tẹ́ ẹ ń gbọ́ yẹn, inú tíífíì ló wà, tíífíì ló ń bá íntánẹ́ẹ̀tì sọ̀rọ̀, òun ló wá ń dá ohùn padà fún risífà gba inú wáyà HDMI kan náà tí àwòrán ń gbà lọ. Ìdápadà yẹn ni wọ́n ń pè ní ARC, láti 2009 ló ti wà, ẹ ó rí i tí wọ́n kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò HDMI OUT lẹ́yìn risífà. Tíífíì ni kànga, risífà ni garawa, tẹ́ ẹ bá ti bo kànga pa, kí ni garawa fẹ́ fà? Nítorí náà ẹ jẹ́ kí orin gba ẹnu ọ̀nà risífà fúnra ẹ̀ wọlé, kó má kọjá lára tíífíì rárá.

Èyí tí risífà fi ń kú pẹ̀lú tíífíì, ọ̀tọ̀ nìyẹn. CEC ló ń fà á, òun ló ń jẹ́ kí rìmóòtù kan máa darí ẹ̀rọ méjèèjì. Samsung ń pè é ní Anynet+, LG ń pè é ní Simplink, Sony ń pè é ní Bravia Sync. Ẹ má kàn lọ pa gbogbo ẹ̀ o, torí lára ọ̀pọ̀ risífà tẹ́ ẹ bá pa á, ARC náà á lọ, tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ wo ìsìn lọ́jọ́ Sunday, àwòrán á wà, ohùn ò ní sí. Inú ménù risífà ni kẹ́ ẹ lọ, ní ibi tí wọ́n kọ HDMI sí. Tó bá jẹ́ Denon tàbí Marantz, ẹ wá Power Off Control, kẹ́ ẹ yàn án sí Video, ìgbà tẹ́ ẹ bá ń wo nǹkan nìkan ló máa tẹ̀lé tíífíì kú, tó bá jẹ́ orin lẹ ń gbọ́ kò ní dá tíífíì lóhùn. Ti Yamaha ni Standby Sync, ẹ pa ìyẹn.

Ó ku bí orin ṣe máa wọlé. Tí wọ́n bá kọ AirPlay, Spotify Connect tàbí Chromecast (ọ̀nà tí fóònù fi ń darí orin sí risífà lórí Wi-Fi) sára risífà yín, ẹ ti bọ́ nìyẹn, èmi ò rí èyí tó dáa tó o. Ẹ so risífà mọ́ Wi-Fi lẹ́ẹ̀kan (ẹ máa nílò tíífíì lọ́jọ́ yẹn kẹ́ ẹ lè rí ménù), lẹ́yìn náà inú fóònù lẹ ó ti máa yan orin. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn ẹ̀ ni pé pẹ̀lú Spotify Connect àti Chromecast, risífà fúnra ẹ̀ ló ń lọ mú orin wá láti íntánẹ́ẹ̀tì, fóònù kàn ń tọ́ka ni, tí ọmọ yín bá pè yín láti Èkó ẹ lè gbé e kí orin ṣì máa lọ. Ti AirPlay yàtọ̀ díẹ̀ torí ọ̀pọ̀ ìgbà inú iPhone lorin ti ń jáde.

Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń wò ó, Bluetooth ló máa rọ̀ yín lọ́rùn jù. Ẹ tẹ BT lórí rìmóòtù risífà, kẹ́ ẹ ṣí Bluetooth fóònù, ẹ ó rí orúkọ risífà, ẹ tẹ̀ ẹ́, ó parí. Kò lè rìn jìnnà, bíi mítà 10 ni, ògiri búlọ́ọ̀kù sì máa ń dín in kù, nítorí náà pálọ̀ ni kẹ́ ẹ gbé fóònù sí, ẹ má gbé e wọ kíṣìnì. Ìmọ̀ràn mi ni pé kẹ́ ẹ wá fóònù àtijọ́ kan nínú dúrọ́ọ̀, ẹ yọ síìmù kúrò nínú ẹ̀, kó jẹ́ ti orin nìkan, kò sí ìpè, kò sí WhatsApp tó máa dún gbàù nínú wúfà. YouTube lásán máa ń dákẹ́ tí ojú fóònù bá ti kú, ẹ lo Boomplay, Audiomack tàbí Spotify.

Tí risífà yín ò bá tiẹ̀ ní Bluetooth, wáyà tó ní ẹnu kékeré lápá kan, pupa àti funfun lápá kejì, ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ fi ẹnu kékeré sínú fóònù, kẹ́ ẹ fi pupa àti funfun sínú ihò AUX tàbí CD lẹ́yìn risífà.

Ti dátà: orin 320 kbps (kbps ni ìwọ̀n dátà tí orin ń lò ní ìṣẹ́jú àáyá kan) máa ń jẹ nǹkan bíi 144MB ní wákàtí kan, 160 kbps á jẹ 72MB. YouTube tó ń gbé àwòrán 720p wá lè jẹ ìlọ́po márùn-ún 144 yẹn, ẹ ò sì wo àwòrán ọ̀hún. Àwa tí òkè yí ká, tí nẹ́tíwọ̀kì ń lọ tó ń bọ̀, ó dáa kẹ́ ẹ máa dáńlóòdù orin sílẹ̀ lóru.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ fún yín nípa ínfátà náà mà. Risífà ńlá fúnra ẹ̀ ń jẹ iná, ọ̀pọ̀ wọn máa ń jẹ tó 40 wọ́ọ̀tì kó tiẹ̀ tó pariwo rárá. Ẹ máa rí ìyàtọ̀ tẹ́ ẹ bá pa tíífíì, pàápàá tó bá tóbi, ṣùgbọ́n tí bátìrì bá ti lọ sílẹ̀ tán, ẹ pa risífà, ẹ fi rédíò kékeré gbọ́.

Tẹ́ ẹ bá wá ṣe gbogbo ẹ̀ tán, tẹ́ ẹ rí i pé spíkà iwájú méjì àti wúfà nìkan ló ń dún, ẹ má bẹ̀rù, ohùn méjì ni wọ́n fi ṣe orin. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn tẹ́ ẹ bá jókòó síwájú ẹ̀. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá wà nídìí odó, ẹ tẹ Sound Mode títí ẹ ó fi rí All Channel Stereo tàbí Multi Channel Stereo, gbogbo spíkà á dún, orin á bá yín ní kíṣìnì.