Olùkàwé Ń Béèrè: Gígé Etí Ọ̀pá Rìbìtì Lórí Kọ̀ǹpútà

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Òkè-Fìà ní Òṣogbo ni mo ti ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ní ẹ̀rọ lathe (ẹ̀rọ tó ń yí irin kí a lè gé e), èmi ni mo sì máa ń fi FreeCAD, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya àwòrán iṣẹ́, ya iṣẹ́ kí ọ̀gá tó gbé irin sórí ẹ̀rọ. Oníbàárà wa kan fẹ́ ọ̀pá irin fún ẹ̀rọ ìlọta rẹ̀. Ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 20, gígùn rẹ̀ jẹ́ 60, bẹ́árìn 6204 (òrùka irin tó ń jẹ́ kí ọ̀pá yí wẹ́rẹ́; 6204 ni nọ́ńbà ìwọ̀n rẹ̀) ni yóò sì jókòó sí orí rẹ̀. Kí bẹ́árìn náà lè wọlé wẹ́rẹ́, mo fẹ́ kí etí ọ̀pá dà gẹ̀rẹ̀ fún mìlímítà 12. Mo tẹ ìlà tó yí orí ọ̀pá ká, mo tẹ ìlà tó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, mo pe Chamfer (àṣẹ tó ń gé etí kí ó dà gẹ̀rẹ̀), mo kọ 12 sí i, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kọ̀ jálẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Iye tí ẹ kọ sí i ló dá wàhálà sílẹ̀. Bí ẹ bá pe Chamfer tí ẹ kò yí nǹkan kan padà, Equal distance ni FreeCAD máa ń lò, èyí ni pé iye kan náà ni yóò gé láti etí lọ sí àárín ojú orí ọ̀pá, tí yóò sì gé sọ̀ kalẹ̀ lára rẹ̀. Ọ̀pá tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 20 kò ju mìlímítà 10 lọ láti etí dé àárín gbùngbùn. Ẹni tó bá ní kí a gé 12 níbẹ̀ ń béèrè ohun tí irin náà kò ní. Two distances ló yẹ kí ẹ yàn, kí ẹ kọ 12 fún gígùn, kí ẹ sì kọ 1 fún ìwọlé sí àárín. Bí kọ̀ǹpútà bá gbé 12 sí ibi tó yẹ kí 1 wà, kò ní gbà síbẹ̀. Ẹ tẹ Flip direction kí ó pààrọ̀ wọn.

Ní ti ìlà ẹ̀gbẹ́, ẹ fi í sílẹ̀. Kì í ṣe etí rárá. Ibi tí kọ̀ǹpútà ti so ara ọ̀pá náà pọ̀ ni, bí ojú ìrán tó wà lábẹ́ apá bùbá. Ara kan náà ló wà ní ọ̀tún àti òsì rẹ̀, kò sì sí igun kankan láàárín wọn tí a lè bẹ́. Ìlà mẹ́ta ni sìlíńdà, ìyẹn ọ̀pá rìbìtì, ní lójú kọ̀ǹpútà: òrùka òkè, òrùka ìsàlẹ̀ àti ojú ìrán yìí. Òrùka méjèèjì nìkan ni a ń gé.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín: ṣé ọ̀gá yín ló ní kí ó jẹ́ 12? Ihò bẹ́árìn 6204 jẹ́ mìlímítà 20, fífẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 14. Bí bẹ́árìn náà bá jókòó sí ìparí ọ̀pá gan-an, tí 12 níbẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ̀, mìlímítà 2 péré ni yóò kù tí yóò dì í mú, ẹ̀rọ ìlọta tó ń gbọ̀n látàárọ̀ ṣúlẹ̀ kò sì ní fi ojú àánú wo irú ìjókòó bẹ́ẹ̀. Mìlímítà 1 ní dígírì 45 ti tó láti fi ọ̀nà han bẹ́árìn: ojú orí ọ̀pá yóò di 18, ara yòókù yóò wà ní 20. Ní tèmi, n kò ní kọjá 2.

Fún iṣẹ́ tí yóò lọ sórí lathe, Chamfer kọ́ ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ ya ìdajì ọ̀pá náà nínú Sketch (ojú ìwé tí a ti ń fa ìlà nínú FreeCAD), láti àárín gbùngbùn dé ara, kí ẹ ti fa ìlà ìdàgẹ̀rẹ̀ sí igun rẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ wá fi Revolution, àṣẹ tó ń yí àwòrán po kí ó di ọ̀pá, yí i po ní dígírì 360. Gbogbo ìwọ̀n yóò wà ní ojú kan tí ọ̀gá yín ti lè rí i. Bí Chamfer náà ni ẹ bá ṣì fẹ́, ẹ jẹ́ kí ó kẹ́yìn gbogbo iṣẹ́, nítorí pé nínú àwọn FreeCAD tó ṣáájú ẹ̀dà 1.0, ẹ̀dà tó jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, bí ẹ bá padà lọ tún ìpele ìṣáájú ṣe, nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi mọ etí náà lè bọ́ sórí etí mìíràn. 1.0 dín ìyẹn kù púpọ̀.

Ìbéèrè: Páìpù ńkọ́? Mo fẹ́ gé etí inú àti etí ìta.

Ìdáhùn: Ẹ wo bí ara páìpù náà ṣe nípọn tó. Bí ó bá jẹ́ mìlímítà 3, etí méjèèjì ni yóò jọ pín 3 yẹn. 1 àti 1 yóò ṣe é ṣe, 2 àti 2 kò lè ṣe é ṣe.

Ìbéèrè: Wọ́n fi fáìlì STL (irú fáìlì àwòrán 3D kan) ti sìlíńdà kan ránṣẹ́ sí mi. Bí mo bá tẹ etí rẹ̀, ìlà kékeré kan ṣoṣo ló ń tàn. Ṣé kọ̀ǹpútà mi ló bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Kò bàjẹ́. STL kò mọ òrùka. Onígun mẹ́ta wẹ́wẹ́ ni ó fi ń to ohun gbogbo, nítorí náà etí tí ojú rí bí òrùka jẹ́ àkójọ ìlà títọ́ kéékèèké. Ẹ ní kí ẹni tó fi ránṣẹ́ fún yín ní STEP, irú fáìlì tó mọ òrùka gẹ́gẹ́ bí òrùka. Bí kò bá ní i, ẹ wọn ìbú àti gígùn rẹ̀ kí ẹ tún un yà. Sìlíńdà kì í gba àkókò.