Ṣé Windows 11 ló máa jẹ́ kí láptọ́ọ̀pù mi yára?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Láptọ́ọ̀pù mi ti lo ọdún 9, Windows 10 ló wà lórí rẹ̀. Ó ń falẹ̀ débi pé bí mo bá tàn án, mo lè lọ wẹ̀ kí n sì wọṣọ kó tó ṣetán. Wọ́n ní Windows 10 ti kú, pé bí mo bá gbé e sí Windows 11, á yára bíi tuntun. Arákùnrin kan ní bó bá kọ̀, òun mọ ọ̀nà àbùjá. Ṣé kí n gbé e fún un?

Ìdáhùn: Ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó lórí ọ̀rọ̀ yìí, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: Windows tuntun kì í wo láptọ́ọ̀pù tó ń falẹ̀ sàn. Ta ló tilẹ̀ kọ́kọ́ sọ ọ́?

Ẹ tàn án, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ wá tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀. Task Manager á yọ síta. Ẹ wo abẹ́ ibi tí wọ́n kọ Disk sí. Bó bá jẹ́ 100% ló jókòó síbẹ̀ tí kò kúrò, tí ẹ kò sì tíì ṣí ohunkóhun, ọwọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ olè náà. Hard disk àtijọ́ ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ jù. Àwo kan wà nínú rẹ̀ tó ń yí po, ìgbà 5,400 ní ìṣẹ́jú kan nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù, tí apá tín-ín-rín kan sì ń sáré lọ sáré bọ̀ lórí rẹ̀ láti wá fáìlì. Bí Windows bá ti ń jí, á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀kẹ́ àìmọye fáìlì. Èwo ni kí apá yẹn kọ́kọ́ mú?

Ẹ wá gbé Windows 11 lé e. Àwo yẹn náà ni, apá yẹn náà ni, ẹrù ló wúwo sí i. 2GB RAM, ìyẹn ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, ni Microsoft ní ó kéré jù fún Windows 10 oní-64-bit. 4GB ni fún Windows 11, ìyẹn kó ṣáà lè wọlé ni o, kì í ṣe pé á dùn ún lò. Ẹnì kan á ní tòun yára lẹ́yìn tóun ṣe é. Mo gbà. Ẹ bi í bóyá wọ́n pa gbogbo ohun tó wà lórí ẹ̀rọ náà rẹ́ kí wọ́n tó gbé tuntun wọlé. Gbígbá ilé ló ran ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́wọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ kó yára, ẹ yọ hard disk, ẹ fi SSD, ibi ìkófáìlì ìgbàlódé, rọ́pò rẹ̀. Ìyẹn kò ní àwo tó ń yí rárá. Bí àyè bá wà fún RAM, ẹ sọ ọ́ di 8GB. Wọ́n ti jó RAM àwọn kan mọ́ bọ́ọ̀dù, ẹ bi ẹni tó máa tú u kí ẹ tó rajà.

Ti Windows 10 tó kú: kò kú, ó ṣì ń tàn. Àtúnṣe ààbò ọ̀fẹ́ ló dópin ní 14 Oṣù Kẹwàá 2025. Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún ESU, ètò Microsoft tó fi àkókò kún àtúnṣe náà, lè máa rí i gbà títí di 13 Oṣù Kẹwàá 2026. Ààbò yìí ni ìdí gidi tó fi yẹ kéèyàn kúrò lórí rẹ̀. Ní 2017, nígbà tí kòkòrò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ WannaCry ń ti fáìlì àwọn èèyàn pa, àtúnṣe rẹ̀ ti wà nílẹ̀ láti nǹkan bí oṣù méjì. Àwọn tí kò gbé e wọlé ló kó sí i jù.

Windows 11 ń béèrè TPM 2.0, ṣíìpù tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ààbò, pẹ̀lú ṣíìpù tó ń darí ẹ̀rọ, bíi Intel ìran kẹjọ sókè, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba díẹ̀. Láptọ́ọ̀pù ọdún 9 ṣòro kó yege, àmọ́ n kò fojú rí tiyín, ẹ fi PC Health Check, áàpù Microsoft, yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá yege, ọ̀fẹ́ ni, ẹ sì ní ọjọ́ 10 láti padà sẹ́yìn. Ẹ kọ́kọ́ kó fáìlì yín síbòmíràn, kí ẹ sì kọ kọ́kọ́rọ́ BitLocker, ohun tí Windows fi ń ti fáìlì pa, sílẹ̀ bó bá wà. Bí fáìlì bá sọnù, ẹ má pè mí. Bí kò bá yege, Linux Mint wà, ètò ọ̀fẹ́ tó lè rọ́pò Windows, mo sì fẹ́ràn rẹ̀.

Ní ti arákùnrin ọlọ́nà àbùjá, Microsoft ò ṣèlérí àtúnṣe ààbò fún ẹ̀rọ tí wọ́n bá fipá gbé Windows 11 lé, àtúnṣe yẹn gan-an sì lẹ ń wá. Ẹ bi í níbi tó ti rí Windows tó fẹ́ lò. Bí kò bá ti ojú ewé Microsoft wá, ẹ gba láptọ́ọ̀pù yín lọ́wọ́ rẹ̀.