Ẹsẹ̀ tó ń wọ́lẹ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìnira o. Ẹ ní wọ́n gún Táíwò lábẹ́rẹ́ ibà ní ìdí ní Minna, pé láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wọ́lẹ̀, àwọn ará ilé sì ní kí ẹ máa fi òrí gbígbóná fa iṣan rẹ̀ títí yóò fi jí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáwọ́ òrí gbígbóná yẹn dúró. Ohun kan náà ló ṣe mí ní Kubwa ní 2017, oṣù mẹ́rin gbáko ni mo sì fi ń fa iṣan tí kò jẹ̀bi.

Télọ̀ ni mí. Ibà mú mi, mo yà sí kẹ́míìsì kan. Bí abẹ́rẹ́ ṣe wọlé, nǹkan ta bí iná láti ìdí mi dé ọmọ-ìka ẹsẹ̀. Mo pariwo, ẹni tó ń gún mi ní kí n fara dà á, ó sì ti oògùn náà tán. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, sílípáàsì ọ̀tún bọ́ lẹ́sẹ̀ mi lójú títì, n ò mọ̀; màláàmù tó ń ta tíì ló mú un sáré tẹ̀ lé mi. Iwájú ẹsẹ̀ kò gbé mọ́. Bí mo bá ń rìn lórí sìmẹ́ǹtì, ó ń dún pàà, pàà. Wọ́n ní ọwọ́ ayé ni.

Orúkọ ló ń ṣì wá lọ́nà. Iṣan là ń pe ẹran tó ń fa eegun, iṣan là ń pe ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, iṣan náà la tún ń pe okùn tó ń jíṣẹ́ ọpọlọ fún ẹran. Ẹ jẹ́ kí n pe ti ìkẹyìn yìí ní nẹ́ẹ̀fù. Èyí tí abẹ́rẹ́ ìdí máa ń bá ló nípọn jù lọ lára: ó ti ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn wá, ó gba inú ìdí àti ẹ̀yìn itan, ó pín sí méjì lókè orúnkún, ẹ̀ka kan sì yí ẹ̀gbẹ́ orúnkún wá sí ojúgun. Níbi tó parí sí, ó ń tu èròjà tí wọ́n ń pè ní acetylcholine sára ẹran, èyí ni ẹran ń rí tó fi ń súnkì. Ẹran kì í ti nǹkan, fífà nìkan ló mọ̀. Bí ti ojúgun ò bá gbọ́ iṣẹ́ mọ́, ti ẹ̀yìn nìkan ló kù tó ń fà, ẹsẹ̀ á wọ́lẹ̀.

Obìnrin físíò kan, àwọn tó ń fi ìdárayá tọ́jú ara, ló là mí lóye ní Gwagwalada. Ó lẹ rọ́bà méjì mọ́ ojúgun mi, ó tan iná mànàmáná díẹ̀ sí i, iwájú ẹsẹ̀ mi sì fò sókè. Omi bọ́ lójú mi. Ó ní Luigi Galvani, ará Ítálì, ti kọ irú rẹ̀ jáde ní 1791 láti ara ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́. Ẹran mi ṣì wà láàyè, iṣẹ́ ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Nẹ́ẹ̀fù tó já nínú tí àpò rẹ̀ ò já máa ń hù padà, bíi mìlímítà kan lójúmọ́. Mo fi téèpù mi wọn ara mi láti ìdí dé ojúgun: sẹ̀ǹtímítà 70. Ọjọ́ 700 nìyẹn! Ẹsẹ̀ Táíwò kúrú sí tèmi, ìyẹn dára fún un. Tó bá sì jẹ́ pé èèpo nẹ́ẹ̀fù nìkan ló bó, ó lè má ju oṣù díẹ̀ lọ. Àyẹ̀wò wà tí wọ́n ń fi iná ṣe láti mọ èyí tó jẹ́. Tí oṣù mẹ́ta bá kọjá láìsí ìyípadà, ẹ béèrè dókítà oníṣẹ́ abẹ tó mọ̀ nípa nẹ́ẹ̀fù, torí ẹran tí kò gbọ́ iṣẹ́ fún bí ọdún méjì ṣòroó jí.

Ní báyìí, ẹ máa rọra tẹ iwájú ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè lójoojúmọ́ kí ti ẹ̀yìn má bàa gan. Ní ti ooru, mo fi aṣọ ìnura gbígbóná wé ẹsẹ̀ mi lóru ọjọ́ kan, n ò mọ̀ ọ́n lára. Ìyàwó mi ló rí i láàárọ̀ pé awọ ti wú, ó kún fún omi. Àpá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Bí ibà bá tún dé tí ọmọ lè gbé oògùn mì, kó gbé e mì. Tó bá di dandan kí wọ́n gún un, ẹ ní kí wọ́n gún un níwájú itan lápá òde, kì í ṣe ẹ̀yìn itan tí nẹ́ẹ̀fù yẹn ń gbà.

Oṣù kẹrìnlá ni mo tó rí okùn ẹran kan tó yọ lọ́rùn ẹsẹ̀ mi. Mo ti ń tẹ pẹ́dáàlì padà, àmọ́ ìrìn gígùn ṣì ń rẹ ẹsẹ̀ náà.

Ẹ gbé e lọ rí onífísíò lọ́jọ́ Ajé yìí. Wọ́n lè fún un ní ike tí yóò máa gbé ẹsẹ̀ ró nínú bàtà. Ẹ mú sọ́kísì gígùn dání, ike yẹn máa ń ha awọ, ọmọ náà ò sì ní mọ̀ ọ́n lára.