Fóònù mi bàjẹ́ lóṣù kẹsàn-án: ta ni kí n dì mú?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, bùrọ̀dá. Oṣù kẹsàn-án rèé tí mo ra fóònù tuntun nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní Hamburg. Kò gba ṣáàjì mọ́. Wọ́n ní kí n lọ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Ẹnìkan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní òfin ọjọ́ 14 ti Yúróòpù ì bá gbà mí, àmọ́ ó ti kọjá. Ó ní kí n mú 40 yúrò wá kí òun wá ọgbọ́n sí i. Mo ti ju páálí àti rìsíìtì nù. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ fi 40 yúrò yín sápò. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta irú lẹ́tà yìí rèé lóṣù yìí, ó sì ti ń sú mi.

Òfin ọjọ́ 14 ò kàn yín rárá, ì báà jẹ́ àná lẹ rà á. Ọjà tí èèyàn rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lórí fóònù, tàbí lọ́wọ́ ẹni tó wá kanlẹ̀kùn ilé ẹni ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù, tó yẹ ọjà wò, tó sì sanwó, òfin ò ní kí wọ́n gbà á padà torí pé ọkàn ẹ̀ yí. Ṣọ́ọ̀bù tó bá gbà á, inúure ni.

Ohun tó kàn yín ni Gewährleistung. Ẹ má pè é ní Garantie o. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń rí wa mú. Garantie ni ìlérí tí ilé-iṣẹ́ fínnúfíndọ̀ ṣe: ó lè jẹ́ ọdún kan, ó lè má sí rárá. Gewährleistung ni ẹrù tí òfin gbé lé ẹni tó tajà lórí, ọdún méjì gbáko lórí ọjà tuntun, bó fẹ́ bó kọ̀. Kò sí orílẹ̀-èdè EU tó gbọ́dọ̀ dín in kù sí i. Ta lẹ kówó fún? Òun ni kẹ́ ẹ dì mú. Tí ọmọkùnrin ẹ̀yìn káńtà bá kọ nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ sórí bébà pélébé, tó ní "àwọn ni kẹ́ ẹ pè", ẹ rọra tì í padà sọ́dọ̀ ẹ̀. (Ó lè má mọ̀, ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló ń sọ.)

Ibi tó dáa jù rèé. Ní Jámánì, ọjà tí èèyàn bá rà láti oṣù kìíní 2022, tí àbùkù bá yọjú láàárín ọdún kan, òfin á gbà pé ó ti wà níbẹ̀ látìlẹ̀. Oṣù mẹ́fà ni tẹ́lẹ̀. Tí wọ́n bá ní omi ló wọ̀ ọ́, àwọn ni kó fẹ̀rí hàn. Tó bá di ẹ̀yìn ọdún kan ni àbùkù tó yọjú, ẹ̀yin lẹ máa wá ẹ̀rí, ìyẹn sì le. Torí náà, ẹ kọ̀wé sí ṣọ́ọ̀bù lọ́sẹ̀ yìí, kí ọjọ́ wà lórí ẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ bá ń kọ sí ilé-iṣẹ́ ò dá ọjọ́ ti ṣọ́ọ̀bù dúró.

Rìsíìtì? Ìwé báńkì tó fi hàn pé ẹ sanwó á ṣe é. Páálí? Òfin ò béèrè páálí.

Àmọ́ kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò ṣájà. Mo ti bá ẹnìkan kọ lẹ́tà ojú ewé méjì rí, àṣé òwú inú àpò ṣòkòtò ló dí i pa. Igi ìtayín la fi yọ ọ́. Ojú tì mí.

Tí kì í bá ṣe ìdọ̀tí, ẹ kọ: "Das Gerät hat einen Mangel. Ich verlange Nacherfüllung nach § 439 BGB." Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé: ẹ̀rọ yìí ní àbùkù, mo fẹ́ kẹ́ ẹ tún un ṣe tàbí kẹ́ ẹ pààrọ̀ ẹ̀, bí abala 439 nínú BGB, ìwé òfin Jámánì, ṣe sọ. Ẹ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀yin lẹ máa yàn bóyá kí wọ́n tún un ṣe tàbí kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀, àfi tí èyí tẹ́ ẹ yàn bá ná wọn ju bó ṣe yẹ lọ. Tí wọ́n bá kọ̀, ó di Verbraucherzentrale, ibi tí wọ́n ti ń gba àwọn oníbàárà nímọ̀ràn; ẹ béèrè iye tí wọ́n ń gbà kẹ́ ẹ tó jókòó. Èmi ò tíì rí fóònù yín, mi ò sì rí ìwé tẹ́ ẹ fọwọ́ sí, torí náà ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa níbẹ̀.

Ẹ kó fọ́tò yín kúrò lórí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi í sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì gba ìwé pé ó wà lọ́wọ́ wọn.