Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Béèsì Ọ̀fẹ́ Tí Wọ́n Mọ̀ọ́mọ̀ Fúnni

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 12, ń gba softball (eré bíi baseball tí a ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù) níbí ní Houston. Ní Sátidé tó kọjá, akọ́nimọ̀ọ́gbá ikọ̀ kejì kàn nawọ́ sí adájọ́, ni wọ́n bá ní kí ọmọ mi máa lọ sí béèsì kìíní láìju bọ́ọ̀lù kankan sí i. Ẹkún ló sun délé. Ṣé òfin gbà á? Èrè wo ni wọ́n sì rí níbẹ̀? — Ìyá Eléré, Houston, Texas

Ìdáhùn: Òfin gbà á, ìyá wa. Ó ti pẹ́ tí softball ti yọ̀ǹda kí ikọ̀ tó ń ju bọ́ọ̀lù sọ fún adájọ́ pé àwọn fún onígi, ìyẹn ẹni tó fẹ́ fi igi gbá bọ́ọ̀lù, ní béèsì ọ̀fẹ́. Nínú Major League Baseball, líìgì baseball tó ga jù ní Amẹ́ríkà, ọdún 2017 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fàyè gba àmì ọwọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, dandan ni kí ajubọ́ọ̀lù ju bọ́ọ̀lù mẹ́rin sí ibi tí igi kò lè dé. Òfin líìgì àwọn ọmọdé máa ń yàtọ̀ síra, nítorí náà ẹ béèrè ìwé òfin tiwọn.

Ní ti èrè, ibi tí eré dé ló ń sọ ọ́. Ẹ jẹ́ ká ní ayò dọ́gba ní abala ìkẹyìn, ikọ̀ onílé ló ń gbá, eléré wọn kan wà ní béèsì kẹta, ẹnì kan péré ló sì ti jáde (bí ẹni mẹ́ta bá jáde, abala parí). Bí ẹni tó wà ní béèsì kẹta yẹn bá fi lè délé, ìyẹn ibi tí onígi ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ayò kan wọlé, eré parí, nítorí náà ẹni yòówù tó bá wà ní béèsì kìíní tàbí ìkejì lẹ́yìn rẹ̀ kò lè ba nǹkan kan jẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ lè fún onígi méjì ní béèsì ọ̀fẹ́ tẹ̀ léra kí gbogbo béèsì lè kún. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù nílẹ̀, ẹni tó wà ní béèsì kẹta gbọ́dọ̀ sáré, àwọn tó ń ṣọ́ pápá kò sì nílò láti fi bọ́ọ̀lù kàn án lára mọ́: kí ẹni tó di bọ́ọ̀lù mú fẹsẹ̀ tẹ ilé ti tó. Wọ́n tilẹ̀ lè lé ẹni méjì jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí eré kò bá tíì le tó bẹ́ẹ̀, èmi kò fara mọ́ ọn, nítorí ẹni tí a fún ní béèsì lọ́fẹ̀ẹ́ lè di ayò. Houston Astros ìlú yín kò ṣe é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní gbogbo sáà deede ọdún 2019. Ìgbà tí wọ́n wá fi dán Juan Soto, onígi Washington, wò ní World Series, ìyẹn àṣekágbá Major League Baseball, ní ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá, ayò mẹ́fà ni Washington jẹ ní abala yẹn, wọ́n sì borí pẹ̀lú 12 sí 3.

Àmọ́ onígi kan wà tí ẹ̀rù rẹ̀ ju ìṣirò lọ. Ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 1998, gbogbo béèsì ti kún ní abala kẹsàn-án, Arizona ń fi 8 sí 6 ṣíwájú San Francisco, ẹni méjì sì ti jáde, síbẹ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá Arizona, Buck Showalter, ní kí Barry Bonds, onígi San Francisco, máa lọ sí béèsì kìíní. Nítorí béèsì ti kún, ẹni tó wà ní béèsì kẹta wọlé: Showalter fi ayò kan ta San Francisco lọ́rẹ. Onígi tó tẹ̀ lé e gbá bọ́ọ̀lù tí wọ́n hán, Arizona sì borí pẹ̀lú 8 sí 7. Ní ọdún 2004 nìkan, ìgbà 120 ni wọ́n fún Bonds ní irú béèsì bẹ́ẹ̀.

Ẹ sọ èyí fún ọmọ yín, torí ẹni tí wọ́n bẹ̀rù ni wọ́n ń yẹ̀ sílẹ̀. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ń ṣe é fún un léraléra, ẹ bá àwọn olùdarí líìgì sọ̀rọ̀, nítorí ọmọ ọdún 12 kò lè kọ́ bí a ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù tí wọn kò jù sí i. Ní Japan, níbi ìdíje baseball àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama ní pápá Koshien lọ́dún 1992, ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni wọ́n yẹ onígi Hideki Matsui sílẹ̀ nínú eré kan ṣoṣo. Ikọ̀ tó ṣe é borí pẹ̀lú 3 sí 2, ṣùgbọ́n inú bí àwọn òǹwòran débi pé wọ́n ń ju nǹkan sínú pápá.

Ìbéèrè: Bí ajubọ́ọ̀lù bá yàn láti ju bọ́ọ̀lù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ṣé onígi lè gbá a? — Akẹ́kọ̀ọ́, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ó lè gbá a, nítorí eré kò dúró. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà ọdún 2006, Miguel Cabrera na igi rẹ̀ sí irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù, ó sì fi mú ayò wọlé fún Florida. Ẹ̀tàn náà sì ń bẹ: ní World Series ọdún 1972, ahánbọ́ọ̀lù Oakland, ìyẹn ẹni tó ń hán bọ́ọ̀lù lẹ́yìn onígi, dìde bí ẹni pé wọ́n fẹ́ yẹ Johnny Bench, onígi Cincinnati, sílẹ̀, lójijì ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ajubọ́ọ̀lù wọn, Rollie Fingers, sì ju sítíráìkì kẹta (bọ́ọ̀lù tó dára tí ó yẹ kí onígi gbá; mẹ́ta rẹ̀ ló ń lé e jáde) tí Bench kàn dúró wò. Nítorí náà, kí onígi má ṣe gbé igi sílẹ̀ títí bọ́ọ̀lù kẹrin yóò fi kọjá. Kí ó sì ṣọ́ ahánbọ́ọ̀lù pẹ̀lú, nítorí bí ìyẹn bá kúrò ní àyè rẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ ajubọ́ọ̀lù, ó ti rú òfin, àwọn tó wà lórí béèsì nínú Major League Baseball yóò sì sún síwájú ní béèsì kọ̀ọ̀kan.