Ẹ Béèrè, Ẹ Gbọ́: Ṣé kí n wọ ẹgbẹ́ onífíìmù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ ya fíìmù nípa ìyá ìyá mi tó ń ṣe adìrẹ ẹlẹ́kọ ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta. Fóònù nìkan ni mo ní. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń ya fíìmù ìtàn òótọ́ ládùúgbò wa pè mí, àmọ́ ọkọ mi ní fàájì lásán ni wọ́n ń ṣe. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ lọ, arábìnrin wa. Fóònù tó. Ohùn ló máa ń ba irú iṣẹ́ yìí jẹ́ ju àwòrán lọ: ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń fi máìkì kékeré há aṣọ lọ́rùn, kí ariwo jẹnẹrétọ̀ má baà bo ọ̀rọ̀ màmá mọ́lẹ̀. Tí màmá bá ti ki ìyẹ́ adìyẹ bọ ẹ̀kọ láfún, ẹ má gbé fóònù kúrò lára ọwọ́ wọn títí wọn yóò fi fa ìlà yẹn tán. Ẹ má bi wọ́n ní nǹkan kan.

Fàájì yẹn gan-an ni mo fẹ́ràn jù. Ìdí ìrẹsì ọ̀fadà, lẹ́yìn tí wọ́n bá wo iṣẹ́ ara wọn tán, lẹ ti máa rí ẹni tí yóò bá yín mójú tó ohùn, àti ẹni tí yóò sọ ọ́ síta pé ibí yìí gùn jù. Ẹ mú ọkọ yín dání. Tí fíìmù bá dùn, ẹ fi ránṣẹ́ sí iREP, àjọ̀dún fíìmù ìtàn òótọ́ tí wọ́n ti ń ṣe l'Ékòó láti ọdún 2011.