Ọ̀gá ní kí ọmọ mi má wá sí ṣọ́ọ̀bù mọ́ nítorí wárápá

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Nọ́ọ̀sì. Ọmọ ọdún 19 ni ọmọ mi obìnrin, ó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ lágbègbè Ìpátá. Nínú ààwẹ̀ tó kọjá, wárápá gbé e ṣánlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sá jáde, wọ́n ní ẹni tó bá tẹ itọ́ rẹ̀ á kó o. Ọ̀gá rẹ̀ ní kó jókòó sílé. Oògùn wà tí ọmọ mi ń lò, àmọ́ ó dá a dúró kó lè gbààwẹ̀. Ṣé lóòótọ́ ló ń ranni? — Ìyá ọmọ, Ìlọrin

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìfaradà, ìyáa wa. Wárápá kì í ranni. Ẹni tó tẹ itọ́ rẹ̀ kò lè kó o, ẹni tó bá a jẹun nínú abọ́ kan náà kò lè kó o. Inú ọpọlọ ló ti ń ṣẹlẹ̀. Orí fífarapa lè fà á, ìrọbí tó pẹ́ jù lè fà á, yírùnyírùn lè fà á; ti ẹlòmíràn, a kì í rí ìdí rẹ̀. Ìfófòó yẹn, itọ́ tí kò rí gbé mì ni.

Ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ yẹn ló ká mi lára jù. Ẹni tó bá ṣàdédé dá oògùn wárápá dúró, àfàìmọ̀ kó má tún ṣubú. Àìsùn dáadáa nítorí sààrì sì tún ń dá kún un. Kùránì fúnra rẹ̀ yọ̀ǹda aláìsàn, ẹ wo Súrátù Bàkárà, ẹsẹ 184. Ẹ rí dókítà kí Ràmàdáánì tó dé: oògùn míì ṣeé lò nígbà sààrì àti ìṣínu, òmíràn kò ṣeé lò bẹ́ẹ̀. Ẹ bi dókítà pẹ̀lú bóyá oògùn wárápá tí wọ́n ń pè ní valproate ni ọmọ yín ń lò, torí ó lè ṣe ọmọ inú oyún ní jàǹbá, àmọ́ ẹ má fọwọ́ ara yín dá a dúró o.

Ẹ sọ fún ọ̀gá rẹ̀: bó bá tún ṣẹlẹ̀, kí wọ́n gbé síṣọ́ọ̀sì àti áyọ́ọ̀nù kúrò nítòsí, kí wọ́n fi aṣọ tìmùtìmù sábẹ́ orí rẹ̀, kí wọ́n yí i kó fẹ̀gbẹ́ kan lélẹ̀, kí wọ́n sì máa wo aago. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, ilé ìwòsàn ló kàn. Kí ẹnikẹ́ni má ti ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kí wọ́n má dì í mú, kí wọ́n má fún un ní àgbo ìtọ̀ màlúù. Ní wọ́ọ̀dù tí mo ti ṣiṣẹ́, mo wẹ egbò fún ọmọ kan tí wọ́n ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná kó lè jí. Wárápá rẹ̀ gbọ́ oògùn. Àtẹ́lẹsẹ̀ yẹn kò tọ́ mọ́.

Bó bá jí, oorun á máa kùn ún. Kí wọ́n jẹ́ kó sùn díẹ̀, kó tó padà sídìí mááṣìnì rẹ̀.